Ọgọ́ta Abẹ́rẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ̀ Láti Sọ

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ikọ́ ife ló ń ṣe ọ́, jọ̀wọ́, má tíì pín ẹrù rẹ. Èmi náà ti pín tèmi rí. Mo ti sọ ẹni tí yóò gba ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ti yan aṣọ tí wọn yóò fi sin mí, mo sì wà láyé báyìí tí mo ń fi ẹ̀rọ náà ránṣọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ikọ́ ife ṣeé wò. Ohun tó fi le ni pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀, oògùn rẹ̀ gùn, àwọn ènìyàn sì máa ń sá fún ẹni tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bí ara mi ṣe yá láìsọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí àìsàn náà tó dé, ẹ ó sì ní sùúrù fún mi níbẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Òsí, kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́. Ọkọ mi, Bàbá Fẹ́mi, lọ kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ará ilé rò pé mọ́tò ni yóò gbé bọ̀, àfi bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀sìn ló gbé bọ̀. Ẹ̀sìn àwọn Mọ́mọ́nì ni. Kò sí ilé ìjọsìn wọn kankan ní agbègbè wa, láti Òsí títí dé Òkè-Òpìn, nítorí náà pálọ̀ wa ni à ń lò. Ìdílé mẹ́ta péré ni wá. Ìwé àti lẹ́tà ń dé sí wa láti òkè òkun, Bàbá Fẹ́mi á kà á, á sì túmọ̀ rẹ̀. Òun ló mú ẹ̀sìn náà wá, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á mọ́ra jù. N kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì, ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹ̀sìn náà tó gba ọkàn mi pátápátá. Wọ́n ní kí a tó wá sáyé, gbogbo wa ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìyà wà láyé, àìsàn wà níbẹ̀, ikú sì wà níbẹ̀, a fi tayọ̀tayọ̀ gbà láti wá, nítorí pé ibẹ̀ la ó ti kọ́ bí a ó ṣe dà bíi Baba wa. Ẹ ò rí i pé kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà? Àwọn baba ńlá wa náà gbà pé olúkúlùkù ti yan ìpín rẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo jáde sí ìta, mo gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ara mi bù máṣọ. Títí dòní, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ohun tí èmi wá fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo rò ó pé: bí ẹni tí ìyà ń jẹ bá ti fọwọ́ sí i látọ̀run, kí ni mo ń káàánú rẹ̀ sí? Bí mo bá fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdánwò, ṣé mo máa ń bá wọn sunkún ni? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa ọ̀rọ̀ kan tì, ọ̀rọ̀ tó máa ń já bọ́ lẹ́nu gbogbo wa kí a tó ronú. Ẹni tó kọsẹ̀, à á ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, à á ní pẹ̀lẹ́. Àlejò tí a kò mọ̀ rí, tó ń ru ẹrù kọjá lójú ọ̀nà, à á kí i pẹ̀lẹ́. Èmi kò sọ ọ́ mọ́. Bí ọmọ kan bá ṣubú ní pápá, màá ní, "Dìde, kí lo rí kọ́ níbẹ̀?" Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kọ́kọ́ rò pé etí ló ń dùn mí tí n kì í fi gbọ́ igbe. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n wo ara wọn lójú, èmi sì rò pé òye mi ló ga jù tiwọn lọ.

Rábì ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. A jọ pọn omi dàgbà ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì la ilé ọkọ rẹ̀ àti ilé wa láàárín. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ní ẹbí ní Ìlọrin, òwò èlùbọ́ ni Rábì sì ń ṣe. Ó máa ń rà á ní Ìlọfà àti Òbò-Ilé, á sì kó o lọ sí Ìlọrin. Ó ní ọmọbìnrin kan, Sìkírá, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi láti gbọ́ orin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, èéyi wọ ìlú wa. Sìkírá kò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Mo lọ kí Rábì ní ọjọ́ kẹta. Orí ẹní ni mo bá a, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń bá a sunkún. Mo jókòó, mo tún gèlè mi ṣe, mo ní, "Rábì, nu ojú rẹ. Ọkàn Sìkírá mọ́ ju kó pẹ́ láyé lọ. Ara lásán ló wá gbà, ó sì ti gbà á. Ó mọ̀ kó tó wá, ìwọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó yẹ kí inú rẹ dùn."

Rábì gbé orí sókè, ó wò mí títí.

"Ìwọ ni Sìkírá sọ ọ́ fún?"

"Ọlọ́run ló fi hàn."

"Èmi ni mo bí i, Dúpẹ́. N kò gbà. Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí léèrè níbikíbi, n kò gbà."

Ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ló dáhùn látẹ̀yìn. "Tíṣà, dákun, lọ ulé rẹ. Ọmọ ló kú, ùwọ ń ṣe uṣẹ́ tíṣà."

Mo dìde, mo lọ sílé, mo sì gbé orí sókè bí ẹni tó jẹ́rìí rere. N kò sọ pẹ̀lẹ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, Rábì á gba iwájú ilé wa kọjá láìyà, ó sì tó ọdún méjì tí a fi wà bẹ́ẹ̀.

Ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Mo rò pé ẹfun ìkọ̀wé ló ń fà á. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná, bí mo bá sì sùn, òógùn á rin aṣọ tí mo fi bora gbindin. Síkẹ́ẹ̀tì mi ń tú ní ìdí. Àwọn obìnrin ní mo ti rẹwà, wọ́n ń bi mí léèrè ohun tí mo ń jẹ. Ó di ọjọ́ kan tí mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ikọ́ mú mi, mo fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, nígbà tí mo wò ó, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ká a pọ̀, mo ń bá ìṣirò mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ náà kúkú bọ́ sọ́wọ́ ẹbí. Ìyá mi, tó jẹ́ Aládùúrà, gbéra láti Òkè-Òpìn pẹ̀lú omi àdúrà nínú ìgò mẹ́ta, ó ní wòlíì ní kí n lọ lo ọjọ́ méje lórí òkè. Àbúrò bàbá mi gbé ìkòkò àgbo wá, ó ní èyí tó wo òun sàn nígbà èwe òun ni. Bàbá Fẹ́mi ní ọsibítù ló kù. Èmi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní ìdánwò mi ni, mo ti gbà á kí n tó wá, n ó sì jẹ ẹ́ yanjú. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Ọmọ mi ti ya wèrè," ló ń wí. Àwa Mọ́mọ́nì máa ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo ní n ó gbà á, ikọ́ ni àbí ikú ni. Orin kejì ni à ń kọ ní pálọ̀ tí mo fi ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, Bàbá Fẹ́mi ń bínú, ẹni tí kì í bínú. "Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀sìn yìí lòdì sí oògùn? Dókítà mélòó ni mo bá nínú ìjọ tí mo wà ní Amẹ́ríkà! Ìwọ lo ń dá tìrẹ sọ." Ó gbé mi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tò sórí ìlà rí ní ọsibítù ìjọba mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi dé ibẹ̀, èrò ti kún. A gba nọ́ńbà, a gba káàdì, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn. Bí mo bá wúkọ́, ẹni tó jókòó tì mí á sún díẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, èmi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba ènìyàn mẹ́fà. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ní àárọ̀ mẹ́ta, wọ́n ya àwòrán àyà mi. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní, "Ikọ́ ife ni, mà. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró yín lápá òsì. Ọgọ́ta abẹ́rẹ́ ni ẹ ó gbà, ọ̀kan lójúmọ́, ẹ kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa lo oògùn oníhóró fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, yóò padà wá, oògùn yìí kò sì ní lè ṣe é mọ́." Dìsípẹ́nsárì tó ní abẹ́rẹ́ náà tó sì súnmọ́ wa jù, ní Ìlọfà ló wà.

Ẹ̀rù bà mí. N kò fi bò mọ́. Mo padà sílé, mo dùbúlẹ̀, àwọn ará pálọ̀ wa wá kí mi. Arábìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo kọ́ ọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Inú wa dùn fún ọ. Ọlọ́run rí ohun tó fẹ́ dán nínú rẹ. Ìwọ náà lo sì gbà á kó o tó wá." Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fò nínú ohun tí mo kọ́ ọ. Ikọ́ wá mú mi, ó gbé mi jókòó, ó tẹ̀ mí síwájú. Mo ń retí. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń retí. Wọ́n ń wò mí, ojú wọn dára, inú wọn mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo gbé lọ bá Rábì lórí ẹní rẹ̀.

Bàbá Fẹ́mi fi alùpùpù gbé mi lọ gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n òjò àti atẹ́gùn ọ̀nà ń dá kún ikọ́ náà, nọ́ọ̀sì sì ní kí n wọ mọ́tò. Ọjọ́ kẹwàá, mo wọ bọ́ọ̀sì akérò ní Òsí, mo fi ìborùn bo ẹnu mi. A kò tíì kúrò lójú kan tí mo fi wúkọ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní òun ní ọmọ kékeré nílé. N kò dá a lẹ́bi. Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bínú."

Mo sọ̀. Mo dúró lójú títì, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé ó parí. N ó lọ sílé, n ó dùbúlẹ̀, kí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àfi ohùn kan láti ìjókòó iwájú.

"Dẹ́rẹ́bà, ta lo ní kó sọ̀?"

Rábì ni. Ìlọfà ló ń lọ, àpò òfìfo rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Wọ́n ń wúkọ́, Alájà," ni dẹ́rẹ́bà wí.

"Mo gbọ́. Etí mi kò di. Kí ẹni tí kò bá fẹ́ ikọ́ wá síwájú níbí, èmi ń lọ sẹ́yìn. Dúpẹ́, gòkè."

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìjókòó iwájú, tí gbogbo èrò ń dù, ó wá sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ṣí fèrèsé gbàgà, ó fi mí sí ẹ̀bá fèrèsé, ó jókòó tì mí. Bọ́ọ̀sì gbéra. Kò wo ojú mi, kò kí mi. Nígbà tí ikọ́ tún mú mi, ó ń wo iwájú gan-an, ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

Mo tún wúkọ́. "Pẹ̀lẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti Òsí dé Ìlọfà. Kò fo ẹyọ ikọ́ kan. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ohun tó ṣe mí fún yín. Èmi tí mo ti wo ojú ọ̀run tí ara mi bù máṣọ, n kò rí ohun tó tóbi tó obìnrin yẹn lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tó fi òkú ọmọ rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wo ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, ó ń dà bíi pé a ti di méjì tó ń wúkọ́ náà. Àwọn baba ńlá wa tó ní a ti yan ìpín wa látọ̀run, àwọn náà ló kọ́ wa láti máa sọ pẹ̀lẹ́. Báwo ni mo ṣe mú ọ̀kan tí mo fi ìkejì sílẹ̀?

Ó bá mi lọ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí kò ní òwò kankan ní Ìlọfà. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èrò tó kù kò kùn mọ́, dẹ́rẹ́bà sì ń fi ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé pamọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọgbọ̀n abẹ́rẹ́, etí mi ń hó, òòyì ń kọ́ mi, ìdí mi le koránkorán tí n kò lè jókòó. Ní iwájú dìsípẹ́nsárì, mo sọ fún Rábì pé mo fẹ́ dáwọ́ dúró, pé mo ti ń rí ìwọ̀nba àǹfààní rẹ̀, ó tó. Mo tún bi í ní ohun tó ti wà lọ́fun mi.

"Rábì, ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Rárá," ló wí. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Kí ló wá dé tí o ń tẹ̀lé mi?"

"N kò gbàgbé ohun tí o sọ nípa ọmọ mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, àyà mi ń gbóná. Ṣùgbọ́n o ń wúkọ́, Dúpẹ́. Kí n jókòó sílé kí n máa wò ọ́?" Ó fà mí lápá. "Mélòó ló kù?"

"Ọgbọ̀n."

"Wọlé, nọ́ọ̀sì ti ń pe orúkọ rẹ."

Mo gba ọgọ́ta náà pé. Mo lo oògùn oníhóró fún oṣù méjìdínlógún, Bàbá Fẹ́mi ló ń kà á sí mi lọ́wọ́ ní àràárọ̀. Ó tún ka ohun mìíràn sí mi létí nínú ìwé wa kan náà: pé ọjọ́ tí wọ́n rì wá bọmi, a ṣèlérí láti máa bá ara wa gbé ẹrù, kí a sì máa bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣọ̀fọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kà á, mo sì ti ṣí i kọjá. Mo ṣì ń jọ́sìn ní pálọ̀ yẹn, mo sì ń sọ fún àwọn ará wa pé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nípa ìyà, kí olúkúlùkù fi wo ìyà tirẹ̀. Ìyà ẹlòmíràn kì í ṣe kíláàsì wa. Ẹlòmíì nínú wọn gbà, ẹlòmíì ní àìsàn ló rẹ̀ mí sílẹ̀.

Ní báyìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ya àwòrán àyà mi, ojú ọgbẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, àyà mi a máa dùn mí díẹ̀, etí mi ọ̀tún kò sì gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí náà apá òsì ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń dúró sí bí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti sanra. Mo ń ṣiṣẹ́ mi, mo ń jẹun, mo ń sùn.

Èmi àti Rábì ti ń kí ara wa láti ìgbà bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ ilé rẹ̀. Ìtìjú ni. Oṣù tó kọjá, mo wo àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì mi, mo rí i pé àwọn ọ̀gbà Sìkírá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti lọ síwájú. Mo sọdá ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Rábì ń jọ èlùbọ́ lórí ẹní. Mo jókòó sílẹ̀, n kò tún gèlè kankan ṣe.

Mo ní, "Rábì, mo wá bá ọ kẹ́dùn Sìkírá."

Ó ń jọ èlùbọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó ní kí n wọ bàtà fún òun. Kò lè dìde. Ó ní kí n ṣáà wọ̀ ọ́ fún òun. Mo bínú sí i, mo ní kó jẹ́ kí n ráyè, mo ń gbé omi kaná."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àlàyé gun ọ̀fun mi wá. Mo mọ ohun tí ìwé wí, mo mọ ibi tí ọmọ náà wà, mo gbà á gbọ́ títí di ìsinsìnyí. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, Rábì. Pẹ̀lẹ́."

Ó fi ajọ̀ sílẹ̀. Ó sunkún bíi pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ọmọ náà jáde, mo dì í mú, ìyẹ̀fun èlùbọ́ kún aṣọ àwa méjèèjì. Nígbà tó sunkún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n jókòó dáadáa, ó ku ohun tí òun fẹ́ sọ fún mi nípa ọmọ náà.

Mo jókòó dáadáa.